Ojú Ọ̀tún Mi ní Adó-Èkìtì

Ẹ má bi mí bí mo ṣe rìn dé Adó-Èkìtì. Ọ̀nà kọ́ ló ṣe mí ní ohun tó ṣe mí. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò ọ̀nà jíjìn rí mọ bí ìdí ṣe ń roni, kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ tán ní ìdíkọ̀ Fájuyì, tí mo dúró ti báàgì mi, tí mo ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn tó yí mi ká ló ń sọ Yorùbá.

Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, ṣùgbọ́n Yorùbá la fi ń jẹun, òun la fi ń jà, òun la fi ń gbàdúrà. Ìyàwó mi ti kú nígbà náà, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ fún mi, Ìbídùn, tí kò tí ì mọ ju kó máa sáré kiri àgbàlá lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo fi í sí. Mo ní, "Ìyá, ẹ má sunkún. Àjò kọ́ ni mò ń lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa ni mò ń lọ."

Ìyá mi wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Àwọn ènìyàn wa kẹ̀? Ìwọ lọ ná."

Hà! Adó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Kí oṣù kan tó yípo, orúkọ tí bàbá mi sọ mí ti wọmi, mo ti di Kútọnu. Mi ò sùn ní Kútọnu rí láyé mi. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi bó mi. "Ṣábẹ̀? Níbo nìyẹn? Ṣé kì í ṣe ọ̀nà Kútọnu ni?" Ọ̀nà Kútọnu náà ni, mo bá gbà fún wọn. Ọmọdé kan tí kò tí ì hu irun àgbọ̀n pàdé mi lọ́nà, ó ní, "Ìwọ Kútọnu, ibo ni o ń lọ?" Díẹ̀ ló kù kí n fọ́ ọ létí. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ tí ó ń bá bàbá tó bí i lọ́mọ sọ̀rọ̀, "ìwọ" náà ló ń pè é, bàbá yẹn sì ń dá a lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ wọn, kò sí àrífín kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi ìbínú sùn ná.

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo mọ̀. Ọ̀gá mi ní Ṣábẹ̀ kọ́ mi ní búrẹ́dì gígùn, èyí tó máa ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ tí o bá ṣẹ́ ẹ. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tọ́pẹ́, opó tó ní békìrì ní Òkè-Ìlá, ló gbà mí síṣẹ́. Ó gé búrẹ́dì tirẹ̀ fún mi kí n tọ́ ọ wò. Ó rọ̀ bíi tìmùtìmù, ṣúgà inú rẹ̀ sì lè mú eyín roni.

Mo ní, "Ìyá, ṣé kéèkì lẹ pè é ni?"

Ó ní, "Kútọnu, búrẹ́dì nìyí. Èyí tí ẹ̀yin ń ṣe lọ́hùn-ún, igi ìdáná ni."

A jọ rẹ́rìn-ín. Obìnrin dáadáa ni, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ó fún mi ní yàrá lẹ́yìn békìrì, ó ní kí n máa pe ibẹ̀ ní ulé mi. Ọjọ́ Sunday, tí a bá ti Máàsì dé, ó máa ń bu uyán fún mi pẹ̀lú ẹran, òkìtì uyán bíi òkè ìlú wọn. N kò jẹ ẹ́ tán rí, kò sì jẹ́ kí n dìde kí n tó gbìyànjú.

Ààrò alámọ̀ ni a ń lò, igi la fi ń dá a. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti wọlé. Ní Adó, tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ààrò ti gbóná tó, wọ́n á fọ́n ìyẹ̀fun sínú rẹ̀, wọ́n á wo bó ṣe ń pọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ la fi ń wọ̀n ọ́n. Wà á tẹ̀ síwájú ẹnu ààrò, wà á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí i, wà á sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà Màríà nínú. Bí o bá kà á dé ìparí tí ara ò ni ọ́, iná ò tí ì tó. Bí ooru bá lé ọ padà láàárín àdúrà, iná ti pọ̀ jù. Orí "Àmín" gan-an ló yẹ kí o ti yẹ ojú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tirẹ̀ náà ṣe kọ́ ọ. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Kútọnu ń fẹnu ko ààrò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì mi kì í jó, kì í sì í wú fùkẹ̀ kí inú rẹ̀ wà ní tútù.

Ní Ṣábẹ̀, igi oko gbígbẹ là ń dá. Ní Adó, àjákù pákó ni wọ́n ń rà lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà, ẹnikẹ́ni ò sì í wo ohun tí wọ́n fi kun pákó kí wọ́n tó jù ú síná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo dúró síwájú ààrò, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i, mo bẹ̀rẹ̀. Mi ò dé ibi orúkọ Jésù tó wà láàárín àdúrà náà. Ọ̀dà tó wà lára pákó ló gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, iná bú jáde lẹ́nu ààrò, ó gbá mi lójú. Ohùn Ìyá Tọ́pẹ́ ni mo gbọ́ kẹ́yìn kí n tó ṣubú: "Yéè! Uná ti jó ọmọ ọlọ́mọ o!"

Ojú ò fọ́. Ohun tí gbogbo wọn ń wí nìyẹn, èmi náà ń wí i. Wọ́n tọ́jú egbò náà ní kẹ́míìsì, wọ́n fi oyin sí i, ó jinná. Ìyá Tọ́pẹ́ mú mi lọ síwájú Fadá, a dúpẹ́. Kò sí ẹnì kankan tó sọ fún mi pé egbò iná kì í jinná kó dúró jẹ́ẹ́. Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń le, ó ń súnkì, ó sì ń fa awọ abẹ́ ojú mi wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo wo dígí lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ìpéǹpéjú mi ìsàlẹ̀ ti kúrò lára ẹyin ojú. Kó tó pẹ́, ó ti yí síta pátápátá, inú rẹ̀ tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ló ń wo ayé.

Omi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, ẹ ò mọ ohun tí ìpéǹpéjú ń ṣe fún yín. Òun ló ń gba omi ojú, òun ló ń darí rẹ̀ sọ́nà imú. Nígbà tí tèmi yí síta, gbogbo omi náà ń ṣàn sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí mò ń po ìyẹ̀fun, nígbà tí mò ń rẹ́rìn-ín. Ẹyin ojú fúnra rẹ̀ wá ń gbẹ, ó ń ta mí bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú. Mo ní aṣọ kan lọ́rùn tí mo fi ń nu òógùn, òun ni mo fi ń nu ojú náà, wìì, láti òkè wá sísàlẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí omi bá ti dé àgbọ̀n mi.

Àwọn oníbàárà rí i. Wọ́n ní Àpólò ni, àrùn ojú tó ń ràn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé iná ni, wọ́n ń mi orí, wọ́n sì ń rìn sẹ́yìn. Ìyá kan da búrẹ́dì tí mo fi ọwọ́ mi gbé fún un padà sórí tábìlì, ó ní kí ẹlòmíràn bá òun mú òmíràn. Ìyá Tọ́pẹ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú ń tì í.

"Kútọnu, má bínú. Máa wà ní ẹ̀yìn. Má tún jáde síwájú mọ́ títí ojú rẹ ó fi dáa."

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin mọ̀ pé kì í ṣe Àpólò."

Ó ní, "Èmi mọ̀. Ṣé èmi ni mo fẹ́ ra búrẹ́dì ni?"

Ti ṣọ́ọ̀ṣì ló dùn mí jù. Tí Fadá bá ní ká fún ara wa ní àmì àlàáfíà, gbogbo ènìyàn á máa bọ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀tún, òsì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó jókòó tì mí á kàn tẹ orí ba fún mi látòkèèrè, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn. Mo na ọwọ́ sí bàbá kan tí a jọ ń jókòó lórí àga kan náà láti ọjọ́ tí mo ti dé Adó. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú mi, ó sì yíjú sí pẹpẹ. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bí ẹni tó ń bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan.

Mo ń pe ilé lórí fóònù tí a ti ń rí ojú ara wa. Kí iná tó jó mi, ìyẹn ni oúnjẹ mi. Ìbídùn á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú fóònù kí n rí bàtà tuntun, á gbé ewúrẹ́ wá kó kí mi. Nígbà tí ojú mi ti yí tán, mo pè. Mo ti rò ó pé ọmọ mi ni, kò ní kọ̀ mí. Ó wo fóònù náà, ẹnu rẹ̀ là. Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ó ju fóònù sílẹ̀, ó sá lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń pariwo pé, "Kì í ṣe bàbá mi! Ojú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀!"

Ìyá mi gbé fóònù. "Ọmọdé ni, má kà á sí."

Mo kà á sí. Mi ò jẹ́ kí wọ́n rí mi mọ́. Mo sọ pé fóònù mi ti bàjẹ́, ohùn nìkan ló ń gbé. Ìbídùn á bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, á sì gbé mi fún ìyá mi. Mo wá fi Ọlọ́run búra nínú yàrá ẹ̀yìn békìrì yẹn pé n kò ní gbé ojú yìí lọ sí Ṣábẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ mi bá lè wo ojú mi láìsá ni n ó padà sílé. Bí ọjọ́ náà kò bá dé, kí wọ́n sin mí sí Adó.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tí onílé yóò ṣe tí ojú bá ń tì í láti lọ. Mo wá rí i pé ibi méjì ni mo ti di àlejò. Ní Adó, mò ń sọ èdè wọn, mò ń jẹ uyán wọn, mò ń kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, èmi ni Kútọnu olójú pípọ́n. Ní Ṣábẹ̀ tí wọ́n ti mọ orúkọ mi, ọmọ tí mo bí ń sá fún mi. Níbo ló wá kù? Mo máa ń jókòó ti ààrò lẹ́yìn tí a bá ti kó búrẹ́dì jáde tán, tí ooru rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, mà á máa bá a sọ̀rọ̀. Mà á ní, ìwọ náà ò kúkú pa mí dáadáa. Àwọn èrò kan ń wá sí mi lọ́kàn tí mi ò lè sọ fún Fadá. Bí ẹnikẹ́ni bá rí mi níbẹ̀, wọ́n á ní Kútọnu ń sunkún. Mi ò sunkún rárá. Omi lásán ni, ọkàn mi ti gbẹ ní tèmi.

Obìnrin kan tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ló bá mi sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ìjàn-Èkìtì, Bọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó ti ń wò mí láti ìgbà tí Máàsì ti bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe jáde, ó di apá mi mú. Mo fò. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn mí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má nu ojú yẹn wálẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ ṣe? Kí n jẹ́ kó máa dà?"

"Ẹ nù ún sókè. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, láti ẹ̀gbẹ́ etí lọ sókè, sí ọ̀nà imú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fà á wálẹ̀, ẹ ń bá àpá yẹn ṣiṣẹ́ ni. Òun ń fà á, ẹ̀yin náà ń fà á."

Gbogbo ìgbà tí mo ti ń nù ún, wìì, wìì! Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun mọ̀ pé ó dun ni, ṣùgbọ́n kí n wá sí ilé ìwòsàn tí òun ti ń ṣiṣẹ́.

Mo lọ. Wọ́n fún mi ní oògùn tí mo ń kán sójú, àti oògùn ọlọ́ràá tí mo ń fi sí i kí n tó sùn. Bọ́lá kọ́ mi bí mo ṣe máa fi pílásítà fa ìpéǹpéjú náà sókè kí ojú lè padé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo ṣí pílásítà, ojú ò ta mí. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń retí pé yóò ta mí, kò ta mí. Mo jáde lọ bá Ìyá Tọ́pẹ́, mo ní, "Ìyá, kò ta mí o!" Ó gbé ọwọ́ sókè, ó jó díẹ̀ níbi tó ti ń wọn ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n ìgbà tó fi di ọ̀sán, ooru ààrò ti gbẹ ẹ́ padà.

Bọ́lá kò tàn mí. Ó ní oògùn kò lè mú àpá padà sẹ́yìn. Ó ní tí dúdú ojú bá ń wà ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀, egbò yóò mú un, yóò funfun, ojú náà yóò sì lọ. Iṣẹ́ abẹ ló kù. Wọn á gé àpá náà kó tú, wọn á sì fi awọ mìíràn dí àyè rẹ̀, kí ìpéǹpéjú lè padà sípò. Dókítà tó mọ iṣẹ́ náà jù ní ìlú ti kó lọ sí ìlú òyìnbó.

Mo ní, "Òun náà ti lọ di Kútọnu wọn lọ́hùn-ún nìyẹn."

Bọ́lá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òmíràn ń bọ̀, kí n ní sùúrù. Mo ní sùúrù títí sùúrù fi sú mi. Ojú mi ń ṣú díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, bí ẹni ń wo nǹkan nínú kùrukùru.

Láàárín ìdúró yẹn ni ìyá mi bínú sí mi lórí fóònù. "Ìwọ ọmọ yìí, fóònù wo ló ń bàjẹ́ láti ọjọ́ yìí? Jẹ́ kí ọmọ rí ọ. Ó ń béèrè ojú rẹ." Mo kọ̀. Ó ní, "Èmi ni mo bí ọ, mo ní kí o ṣí i." Mo ṣí i.

Ìbídùn ti ga, eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Kò sá. Kò ké. Ó kàn ń wò mí, omi ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, n kò sì jẹ́ nù ún níwájú rẹ̀. Ó na ìka kan, ó ń fi pa ojú fóònù, lọ sókè, bọ̀ sísàlẹ̀, lórí ojú mi gan-an. Mo ní nínú mi pé, ó ń pa mí rẹ́. Ọmọ náà ń fẹ́ kí ohun burúkú yìí kúrò lójú bàbá òun. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ bá Ìyá Tọ́pẹ́ pé kó bá mi bẹ gbogbo ẹni tó bá mọ̀ fún owó iṣẹ́ abẹ náà. Ó bẹ̀ wọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì dá sí i, òun náà dá sí i, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Dókítà tuntun dé. Wọn ò kùn mí lóorun. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú ni wọ́n gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, mo sì wà lójúfò tí wọ́n fi ń gé. Mò ń gbọ́ ọ̀bẹ, mi ò mọ ìrora. Wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí mi bí ẹni tó ń tún àga ṣe. Lẹ́yìn etí mi ni wọ́n ti bó awọ tí wọ́n fi dí ojú àpá náà. Bọ́lá di ọwọ́ mi mú. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà Màríà nínú mi bí mo ṣe máa ń ṣe níwájú ààrò. Mo dé Àmín, mo tún bẹ̀rẹ̀, wọn ò tíì ṣe tán.

Wọ́n rán ìpéǹpéjú òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí awọ tuntun náà lè mú. Ojú kan ni mo fi ń rìn kiri Òkè-Ìlá. Mi ò súnmọ́ ààrò. Ọjọ́ tí wọ́n tú òwú, Bọ́lá gbé dígí fún mi. Awọ abẹ́ ojú mi dúdú ju ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kò bá a mu. Kùrukùru ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ní yóò máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú náà wà lára ẹyin ojú. Mo ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi gbẹ táútáú.

Ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, bàbá tó yíjú sí pẹpẹ níjọ́sí na ọwọ́ sí mi nígbà àmì àlàáfíà. Mo bọ̀ ọ́. Inú mi kò dùn tó bí mo ṣe rò. Ọwọ́ mi kan náà ni, òun ló kọ̀ nígbà náà, òun náà ló gbà báyìí. Kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ irú rẹ̀ ṣe? Ilé ló wà lọ́kàn mi. Mo ti sọ fún Ìyá Tọ́pẹ́ pé tí ọdún Àjíǹde bá ti kọjá, mà á lọ. Ó ní kí n gbé búrẹ́dì rẹ̀ dání kí àwọn ará Ṣábẹ̀ lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní búrẹ́dì.

Mo pe ilé lọ́sàn-án. Mo jókòó síta níwájú békìrì, níbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀, kí ojú mi lè hàn dáadáa. Ìbídùn ló gbé e. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ fóònù títí imú rẹ̀ fi kún gbogbo rẹ̀.

"Bàbá, ojú yín ti gbẹ."

"Ó ti gbẹ, ọmọ mi! Wọ́n ti tún un ṣe. Kò ní bà ọ́ lẹ́rù mọ́ láé."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kì í bà mí lẹ́rù mọ́. Ìyá àgbà ti sọ fún mi. Wọ́n ní àárò mi ló ń sọ yín tí omi fi ń dà lójú yín. Mo tiẹ̀ nù ún fún yín lójú fóònù. Mo sọ fún wọn nílé ìwé pé kò sí ìgbà tí bàbá mi ò sunkún tèmi."

Mo ń gbọ́ ìyá mi lẹ́yìn tó ń pè é pé kó gbé fóònù wá. Kò gbé e lọ. Ó tún wò mí.

"Bàbá, ṣé àárò mi ò sọ yín mọ́ ni?"

"Ó ń sọ mí, Ìbídùn. Lójoojúmọ́ ni. Títí di ìsinsìnyí."

"Ẹ jẹ́ n rí i."

Mo wá omi ojú, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi tí mo ti da omi sórí ìyẹ̀fun, sórí aṣọ, sórí ìwé orin, láìsí ìdí, mo wá ẹyọ kan ṣoṣo fún ọmọ mi. Ẹ̀dùn ọkàn wà níbẹ̀, omi rẹ̀ ni kò jáde. Mo di ojú, mo là á. Ìbídùn ní sùúrù. Ó ń wo ojú ọ̀tún mi, ó dúró, ó sì tún dúró.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," bí ọmọdé ṣe ń kí àlejò, ó sì gbé fóònù fún ìyá mi.